Gílóòbù Tó Ń Jó sí Ohùn Ìyàwó Wa

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí àwọn aládùúgbò tó bá mi sọ ọ́: ẹnu mi kò ní ìdérí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dé ìsàlẹ̀ òpópónà, wọ́n á gbé aṣọ wá fún mi kí n rán, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń wọn ìbàdí wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí etí kẹta gbọ́ o." Kí ọ̀sán tó pọ́n, etí kẹtàlélógún ti gbọ́. Èmi yìí náà ni mo wá di ọ̀rọ̀ kan sínú fún ọdún méjì ó lé, tí mi ò sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Ẹ jókòó kí n rò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ̀rọ̀ náà kàn. Oníwáyà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bí fáànù rẹ bá jóná, tàbí tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá kọṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa gbé e lọ. Á tú wáyà tó ti dúdú kúrò nínú rẹ̀, á ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, á sì fi ọwọ́ wé tuntun síbẹ̀ láìfi ẹyọ kan ṣoṣo dín. Kì í gbọ́ràn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ibà kan kì í mọ́lẹ̀, nígbà tí ibà náà sì máa lọ, ó kó etí méjèèjì dání. Nítorí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe bí i, ó ń sọ̀rọ̀ já gaara, àfi pé ó máa ń pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò. Bó o bá kọjú sí i, á ka ẹnu rẹ. Bó o bá kẹ̀yìn sí i, ìwọ àti ògiri lẹ jọ ń sọ ọ́. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, kò tún sí ibòmíràn tó wà.

Ẹni tí ọkùnrin yìí wá fẹ́ ni kí ẹ gbọ́. Obìnrin tó ń ka ìròyìn ní rédíò ni! Ògiri kan ló pín ilé wa àti ilé iṣẹ́ rédíò, fáànù inú yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ló jóná, òun ló sì gbé e wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ láti máa la ẹnu dáadáa, kó máa gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́yìn tó lọ pé láti ìgbà tí etí òun ti lọ, obìnrin yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí òun kò ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ó ti di ìyàwó wa. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ mi, ọkọ mi nìkan ni kì í gbọ́. Ẹ ò wá rí i pé ilé wa á tòrò?" Èmi ni ó sọ ní Abẹ́rẹ́, nítorí iṣẹ́ mi, àti nítorí ẹnu mi, bó ṣe wí. Mi ò bá a jà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú ẹbí mi lọ, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹbí.

Òpó irin gíga tó ń gbé ohùn rédíò sáfẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn ògiri yẹn, bí èèyàn bá ju òkò láti ilé ìdáná wa, á bà á. Bí èèyàn bá ń gbé irú ibẹ̀, á rí nǹkan. Okùn onírin tí a fi ń sá aṣọ máa ń ta wá lọ́wọ́. Páànù orí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń kùn yùn-ùn bí ẹni tó ń ráhùn. Èmi a máa ṣépè, a máa fi igi gbá okùn náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ á dúró tì í, á máa fi ìka kàn án léraléra bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ó wí fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Òpó yẹn ń da agbára sínú afẹ́fẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohùn nìkan ló ń kan àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Àwa tá a wà nídìí rẹ̀, ó ń ṣẹ́ kù sí wa lára."

"Kó má ṣẹ́ kù sí mi lára o," ni mo dá a lóhùn.

Ó na wáyà gígùn kan láti ṣóńṣó òrùlé dé orí igi tó wà létí ògiri. Ó wé wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara ike ìpara kan, bó ṣe máa ń wé e sínú fáànù, ó so ìyẹn mọ́ wáyà òkè. Ó ri irin gígùn kan mọ́lẹ̀ níbi tí omi abọ́ fífọ̀ ń dà sí, nítorí ó ní ilẹ̀ tútù ló ń jẹ́ kí iná rìn. Ó wá tú ègé kékeré kan lára rédíò tó ti bàjẹ́, èyí tó máa ń jẹ́ kí iná lọ síwájú tí kì í jẹ́ kó padà, ó fi í sáàárín, ó so gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan mọ́ ọn, ó sì gbé e kọ́ lókè tábìlì ilé ìdáná. Ó tàn. Kò sí bátìrì, kò sí wáyà ìjọba, ó ṣáà tàn! Odidi àdúgbò wá wò ó. Ẹnì kan tiẹ̀ ní olè la jẹ́, ó lọ fẹjọ́ wa sùn nílé iṣẹ́ rédíò. Ẹnjiníà wọn wá, ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí tó ń já bọ́ lórí tábìlì wa ni. Ẹ máa ṣà á o, ẹ̀gbọ́n."

Ohun tí a ò retí ni pé iná náà máa ń jó. Bí rédíò bá dákẹ́, á dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, á máa tóbi, á máa kéré, bí ohùn onítọ̀hún bá ṣe ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun mọ ohun tí òun lè fi sí i kó má jó mọ́. Kò fi sí i. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti lọ ka ìròyìn, á fa àga, á jókòó sábẹ́ gílóòbù yẹn, á tẹjú mọ́ ọn títí ìròyìn á fi parí. Bí obìnrin náà bá wọlé, á ní, "O wúkọ́ lónìí, nígbà tó o fẹ́ẹ̀ parí." Lóòótọ́ ni á ti wúkọ́. Mo máa ń jókòó sí yàrá ìránṣọ mi tí mò ń fi etí gbọ́ ọ, òun wà ní ilé ìdáná tó ń fi ojú gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe èmi ni mo máa ń rántí ibi tó ti wúkọ́.

Nǹkan kan tún wà tí mo rí lẹ́ẹ̀kan, tí mo fi wọ́n ṣẹ̀sín. Iná ìjọba lọ, gbogbo ilé ṣókùnkùn, ìyàwó wa sì ní ọ̀rọ̀ láti bá ọkọ rẹ̀ sọ. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ọ̀fun ara rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbàlagbà wọ̀nyí, ojú kò tì yín!"

Rédíò ní ìkíni kan tí wọ́n fi ń ṣí lójoojúmọ́, ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí. Ohùn ìyàwó wa ni wọ́n gbà sílẹ̀ fún un: "Ẹ kú ìdájí o, ẹ̀yin tí ẹ ti jí," á dákẹ́ díẹ̀, "àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi aṣọ borí. Ilẹ̀ ti mọ́." Àárín yẹn tó ti dákẹ́, itọ́ ló gbé mì. Wọ́n ní kó tún un sọ, ó kọ̀, ó ní ṣé àwọn tó ń gbọ́ òun kì í gbé itọ́ mì ni. Bí ó ṣe wà nìyẹn. Lára gílóòbù, iná á jó, á dúró bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú, á tún jó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyàwó wa. Ọjọ́ Ẹtì ló kú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Èmi náà kò sunkún, èmi tí mo máa ń sunkún bí aṣọ oníbàárà bá fún jù. Ọmọ wọn kan ṣoṣo tó wà nílé ọkọ rẹ̀ lọ́nà jíjìn wá, ó sunkún tirẹ̀, ó padà. Mo rántí ìgbà tí wọ́n yọ eyín mi, tí wọ́n gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lábẹ́rẹ́: mo ń fọwọ́ kàn án, mo mọ̀ pé tèmi ni, kò sì dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi rí. A jẹun, a ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn ní a ní ọkàn gíga. Ọkàn gíga kọ́ o. A kàn ò sí níbẹ̀ ni.

Àmọ́ ìkíni yẹn ṣì ń wá. Ní aago márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ti wà lórí àga rẹ̀, á wo gílóòbù kó jó, kó dúró, kó tún jó, á wá dìde lọ síbi iṣẹ́. Ìyẹn nìkan ló kù tó ń ṣe bí ẹni tó wà láàyè.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn tó kú, mò ń lọ búláòsì oníbàárà kan ní ìdájí, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Aago márùn-ún àbọ̀ lù. "Ẹ kú ìdájí o, ẹ̀yin tí ẹ ti jí àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi aṣọ borí. Ilẹ̀ ti mọ́." Yéè! Ohùn ọmọdébìnrin kan ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn ọ̀tọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, wọn ò sì rán ọmọ aráyé sí wa. Kí n tó mọ̀, irin ìlọṣọ ti jó ihò sí búláòsì oníbàárà.

Mo sáré lọ sí ilé ìdáná. Ẹnu mi ti là tán láti sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ojú rẹ̀ wà lára gílóòbù, ó sì tòrò minimini. Kò rí mi. Mo ní nínú ara mi pé, ẹni tí kò gbọ́, kí ló máa mọ̀? Iná ṣáà ń jó. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo pa ẹnu mi dé. Mo fa àga kejì, mo jókòó tì í. Nígbà tó yíjú tó rí mi, ó mi orí sí mi.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kó dá jókòó mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnì kan má wọlé ní ìdájí kó lọ sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń jí lọ síbẹ̀. Bí mo bá dé, á ti fa àga mi síta dè mí. A ó wo iná, kálukú á lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Odidi ọdún méjì! Mi ò gbádùn rẹ̀, mi ò sì kórìíra rẹ̀. Ó dà bíi kéèyàn máa fọ eyín.

Wọ́n wá lẹ ìwé mọ́ ẹnu géètì rédíò pé àwọn ń lọ sí ilé tuntun lódìkejì ìlú, pé ní òpin oṣù, àwọn máa pa ẹ̀rọ tó wà nídìí òpó àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé náà. Ó padà wá wé wáyà rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ń pa òpó." Mo ní, "Mo gbọ́."

Ìdí mi kò gba ìjókòó mọ́. Bí òpó bá kú, gílóòbù á kú, kí ló kù tó máa gbé ọkùnrin yìí dìde lórí ibùsùn? Mo ní àfi kí n lọ gba ohùn ìyàwó wa wá, ti òótọ́ gan-an, kí ẹ̀gbọ́n mi wá ọgbọ́n so ó mọ́ gílóòbù rẹ̀. Mo wọ bàtà, mo lọ. Obìnrin kan ló ń tọ́jú àwọn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ títí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Kò sí níbí mọ́. Ibi ìpamọ́ kún nígbà kan, wọ́n ní ká pa àwọn àtijọ́ rẹ́."

"Ẹ pa kí ni rẹ́?" Mo pariwo débi pé àwọn tó wà ní yàrá kejì yọjú. "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi sọ̀rọ̀ níbí! Ẹ ò rí ìṣẹ́jú kan fi pamọ́ fún un?"

Ó bẹ̀ mí. Ó lóun kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Ó ní ti ọmọbìnrin tó ń kí àwọn èèyàn báyìí ló wà, bí mo bá fẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ojú tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo gbà á. Mo ní kó fi í sórí fóònù mi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wò fún ọdún méjì náà ni, báwo ló ṣe máa mọ̀?

Mo dé ilé, mo gbé fóònù kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo kọjú sí i kó lè ka ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gba ohùn ìyàwó wa wá." Irọ́ funfun báláú, lójú rẹ̀!

Ó dìde, ó gbé rédíò àlòkù kan wá, ó tú ibi tí ohùn ń gbà jáde kúrò lára rẹ̀, ó so gílóòbù tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó sì fi wáyà so fóònù mi mọ́ ọn. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Iná jó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀.

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ariwo rẹ̀ yẹn pé, "Ọmọbìnrin yìí kì í gbé itọ́ mì. Ọdún méjì ó lé, kò gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mi ò lè wò ó lójú. Mo rọra ní, "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Iná náà kò dúró. Mo fẹ́ pa á, kí n tú gbogbo wáyà yẹn kúrò lórí igi. Ni mo bá yíjú, mo rí ọ, o ti fa àga jókòó. Ojú rẹ rí bákan. Mo ní o kò mọ̀ pé ìyàwó mi kọ́ ni. Mo ní, Abẹ́rẹ́ ṣì rò pé òun ń gbọ́ ọ̀rẹ́ òun, kí n má lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi gbọ́ràn!"

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Mi ò ronú jìnnà."

Ẹ wò ó, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò jáde. Òun náà kò rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì ti ń jí ní aago márùn-ún fún ọdún méjì, kálukú ń ṣọ́ èkejì, ọmọ ọlọ́mọ ló ń kí wa. Mo nu ohùn náà kúrò lórí fóònù mi, mo lọ ṣẹ́ etí aṣọ kan.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n pa òpó náà lọ́jọ́ tí oṣù parí. A jókòó síbẹ̀. Gílóòbù jó díẹ̀, àwọn ará rédíò ń dágbére, ó wá dúró jẹ́ẹ́, ó sì kú. Páànù orí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan wáyà, ó ní, "Ó ti lọ," ó sì padà sídìí mọ́tò fáànù tó ń wé. Èmi náà padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀nà òdì ni mo rán apá aṣọ kan mọ́, mo tú u, mo tún un rán.

Ní ọjọ́ kejì, ara mi tún jí ní aago márùn-ún. Mo ní, kí lo fẹ́ lọ wò? Ẹsẹ̀ mi kò dáhùn, ó gbé mi lọ. Ilé ìdáná ṣókùnkùn. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga rẹ̀, kò tan nǹkan kan. Ó ti fa àga mi síta.

Mo jókòó.

Ó ní, "Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí?"

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ obìnrin yẹn, kò bi ẹnikẹ́ni rí. Èmi tí ẹnu mi kò ní ìdérí, mo la ẹnu, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan. Kí n ní ó dùn? Kí n ní ó rinlẹ̀? Kò tiẹ̀ lè rí ẹnu mi nínú òkùnkùn yẹn. Mo bá wá ọwọ́ rẹ̀ rí lórí tábìlì, mo gbé e lé ọ̀fun mi. Ọwọ́ náà le, àpá wáyà kún inú rẹ̀. Mo gbé ohùn mi bó ṣe máa ń gbé tirẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìdájí o, ẹ̀yin tí ẹ ti jí."

Mo gbé itọ́ mì, níbi tó ti máa ń gbé e mì. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti padà dé, bí ìrora ṣe ń padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ bá tán. Ó dùn mí. Ó dùn mí dé egungun. Omi ojú mi ń já bọ́ sí i lẹ́yìn ọwọ́, mi ò sì lè sọ èyí tó kù.

Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó dúró, ó dúró.

"Ibẹ̀ ló ti máa ń dákẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ohùn rẹ̀ kún gbogbo ilé ìdáná. "Àmọ́ kì í pẹ́ tó báyìí."

Mo tún gbé itọ́ mì, mo bá kí àwọn tó ṣì ń fi aṣọ borí.